Bí Ìṣètò Sáfà Ṣe Ń Pinnu Ìyára Ìkànnì fún Ẹni Tó Wà ní Gbọ̀ngán

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń gba ìbéèrè lọ́wọ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn lọ́sàn-án lóru, tó sì ń fi ojú ewé ránṣẹ́ padà sí wọn. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkirè, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ẹ̀ka sí, bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọdún tuntun, tàbí tí òbí kan ní Gbọ̀ngán bá fẹ́ wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan kọ́ ló ń pinnu bí yóò ṣe yá tó. Nínú sáfà tó ń dá wọn lóhùn, àwọn fáìlì kan wà tí ẹni tó ń bójú tó o kọ nọ́ńbà àti àṣẹ sí: iye ènìyàn tí sáfà lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí yóò ti pẹ́ tó kó tó já ẹni tó ń lọ́ra sílẹ̀, iye mẹ́mọ́rì tí iṣẹ́ kan lè gbà, bí fáìlì tó ń wọlé ṣe lè tóbi tó. Áàpù kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò yí lẹ́tà kan padà nínú kóòdù rẹ̀, lè ṣí wéré lábẹ́ ìṣètò kan, kó sì dákú lábẹ́ òmíràn lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ló ti bá sọ́fítíwíà náà dé. Àwọn tó ṣe é yàn wọ́n kó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yòówù, kékeré tàbí ńlá. Wọn kò mọ iye mẹ́mọ́rì tí ẹ̀rọ náà ní, wọn kò sì mọ̀ bóyá fáíbà ní London ni ẹni tó wà lódìkejì ń lò tàbí 3G tó ń wá tó ń lọ lẹ́bàá oko kòkó ní Àpòmù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà ló máa ń fo ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lódìkejì yìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló yẹ kó darí ọwọ́ ẹni tó ń ṣètò sáfà fún àwọn ará ilẹ̀ yìí.

Ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà ló ṣáájú. Àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ Nàìjíríà, bíi SAT-3, pẹ̀lú Glo-1 àti MainOne tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, WACS ti 2012, àti Equiano ti Google tó dé ní 2022, etíkun Èkó ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Láti ibẹ̀ ni fáíbà orí ilẹ̀ àti àwọn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń gbé e gba Ìbàdàn kọjá lọ sí Ìkirè àti Àpòmù, títí dé Gbọ̀ngán, níbi tí ọ̀nà Òṣogbo ti yà kúrò lára ọ̀nà Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n sáfà ọ̀pọ̀ ìkànnì ọmọ Nàìjíríà kò sí ní Èkó. Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ni wọ́n ti háyà rẹ̀. Nǹkan bí 200,000 kìlómítà ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú fáíbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èkó sí London jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà tààrà, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kan kò lè yá ju ìdá 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Okùn tó ń yí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà á tún fi tirẹ̀ kún un.

Àlọ-àbọ̀ kan ṣoṣo kò tó nǹkan. Ohun tó ń dá ènìyàn dúró ni iye ìgbà tí wọ́n ń rìn ín kí lẹ́tà kan tó hàn lójú fóònù. Fóònù á kọ́kọ́ béèrè àdírẹ́sì tí orúkọ ìkànnì náà dúró fún. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe àlọ-àbọ̀ kan kí òun àti sáfà tó so pọ̀, méjì sí i lórí kọ́kọ́rọ́ ààbò bó bá jẹ́ TLS 1.2 ni sáfà ń lò, kó tó wá béèrè ojú ewé gan-an. TLS 1.3 tó jáde ní 2018 sọ méjì ti ààbò di ẹyọ kan, ìlà kan nínú fáìlì ìṣètò ló sì ń gbà á láyè. HTTP/2, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015, jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fáìlì gba orí ìsopọ̀ kan ṣoṣo kọjá, kí fóònù má baà máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí àwòrán kékeré kọ̀ọ̀kan. Sáfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbàárà rẹ̀ ní London kò ní rí èrè púpọ̀ nínú méjèèjì. Fún ẹni tó ń ti Gbọ̀ngán pè é, àlọ-àbọ̀ kọ̀ọ̀kan tó dín kù ni yóò hàn sí i.

Ibi tí sáfà jókòó sí náà jẹ́ ìpinnu tó ju gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí lọ. Ní Èkó, IXPN ni ibi tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ti ń pàdé láti gbé ẹrù ara wọn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rin ìrìn-àjò lọ sí Yúróòpù kó tó padà wálé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí okùn abẹ́ òkun mélòó kan bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní etíkun Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ ohun tó wà lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá fún àwọn ará Nàìjíríà, òmíràn kò sì ṣí rárá. Kò sí nọ́ńbà kan tí wọn ì bá kọ sínú fáìlì ìṣètò sáfà tó wà ní Jámánì lọ́jọ́ náà tí ì bá tún okùn so.

Bí ìbéèrè bá ti dé sáfà, sọ́fítíwíà kan ló ń gbà á. Apache, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, àti nginx, tí Igor Sysoev ará Rọ́ṣíà gbé jáde ní 2004, ni wọ́n mọ̀ jù. Ní ọ̀nà àtijọ́ tí Apache ń gbà ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní prefork, òṣìṣẹ́ kan ló ń dúró ti ìbéèrè kan, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi ìgbà tí ìdáhùn bá jáde tán. MaxRequestWorkers ni nọ́ńbà tó ń sọ iye òṣìṣẹ́ tó lè wà lẹ́ẹ̀kan náà. 256 ni iye tó bá prefork dé.

Ó yẹ kí ẹni tó ń bójú tó sáfà jókòó ti nọ́ńbà yìí dáadáa. Ká ní sáfà náà ní mẹ́mọ́rì 4 GB, kí Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, àti dátábéèsì gba 1.5 GB nínú rẹ̀. Ó ku 2.5 GB. Bí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó gbé PHP, èdè tí wọ́n fi kọ ìkànnì náà, dání bá ń jẹ 60 MB, nǹkan bí 40 òṣìṣẹ́ ni àyè gbà. Bí wọ́n bá wá fi 256 sílẹ̀ bó ṣe wà, tí èrò dé lọ́jọ́ tí èsì jáde, òṣìṣẹ́ 256 yóò fẹ́ mẹ́mọ́rì tó ju 15 GB lọ lórí ẹ̀rọ tí kò ní ju 4 lọ. Linux á bẹ̀rẹ̀ sí í lo dísìkì bí mẹ́mọ́rì, èyí tí wọ́n ń pè ní swap, dísìkì sì lọ́ra ju mẹ́mọ́rì lọ jìnnà. Iṣẹ́ tó yẹ kó gba ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá á gba ogún, àwọn tuntun á sì máa wọlé lé wọn lórí. Nígbà mìíràn Linux á kàn mú ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹ mẹ́mọ́rì jù pa, ó sì sábà máa ń bọ́ sí orí dátábéèsì. Ìyá tó ń din dòdò Ìkirè mọ èyí láìka ìwé kọ̀ǹpútà: bó bá da ọ̀gẹ̀dẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ sínú agbada, epo á tutù, gbogbo rẹ̀ á mu epo, kò sì ní sí èyí tó jinná bó ṣe yẹ. Òṣìṣẹ́ 40 tí àwọn tó kù tò sí ẹ̀yìn wọn yóò dá ènìyàn púpọ̀ lóhùn ju òṣìṣẹ́ 256 tó ń du mẹ́mọ́rì mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lọ.

Ìlà àwọn tó tò náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú Linux, somaxconn ló ń pinnu bí ìlà ṣe lè gùn tó. 128 ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé e dé 4096 nínú Linux 5.4 ní 2019, nítorí náà sáfà tó ti pẹ́ ṣì lè máa fi nọ́ńbà kékeré náà ti ènìyàn padà.

Ní 1961, John Little ará Amẹ́ríkà fi ẹ̀rí ìṣirò múlẹ̀ pé iye ohun tó wà nínú ètò kan lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ iye tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ́nà iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀. Òfin kékeré yìí ló ń tú àṣírí ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ́ra ń ṣe sí sáfà. Ká ní òṣìṣẹ́ 40 wà, tí ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ kan sì gba ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá láti ṣe. Sáfà lè fún ènìyàn 80 ní ìwé náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá jẹ́ PDF 1.5 MB, tí fóònù tó wà ní Gbọ̀ngán sì ń gba 75 KB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ogún ìṣẹ́jú-àáyá ni yóò fi gbà á tán. Òṣìṣẹ́ prefork á dúró tì í fún èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò náà, láìṣe nǹkan kan ju pé kó máa bù ú fún un díẹ̀díẹ̀. Bí gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn 40 kan náà kò ní lè dá ju nǹkan bí méjì lóhùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá dán sáfà náà wò láti orí kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ yóò rí 80, yóò sì fọwọ́ sọ̀yà. Ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé gan-an ni yóò rí méjì.

Ìdí nìyí tí fífi nginx ṣáájú fi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìṣètò tó lérè jù fún ilẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró. Nginx kì í fi òṣìṣẹ́ kan ti ènìyàn kan. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn kọ́ọ̀ (core) tó wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, lè máa bójú tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsopọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò kàn yíjú sí èyí tó bá ti ṣe tán. Yóò gba PDF náà lọ́wọ́ PHP ní wàràwàrà, yóò fi pamọ́ sí mẹ́mọ́rì tàbí dísìkì, PHP á lọ dá ẹlòmíràn lóhùn, nginx á sì máa fún fóònù ní tirẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Kìkì mẹ́mọ́rì kékeré ni ẹni tó ń lọ́ra ń gbà níbẹ̀. Nọ́ńbà worker_connections tó bá a dé jẹ́ 512, èyí tó kéré fún ìkànnì tí èrò ń wọ́ lọ sí. Bí wọ́n bá ń gbé e sókè, kí wọ́n rántí pé Linux náà ní òpin tirẹ̀ lórí iye fáìlì tí iṣẹ́ kan lè ṣí, ó sì sábà máa ń jẹ́ 1024.

Ọ̀rọ̀ KeepAlive so mọ́ èyí. Òun ló ń sọ pé kí ìsopọ̀ má já lẹ́yìn ìdáhùn kan, kí fóònù lè fi í béèrè òmíràn láìtún rin gbogbo àlọ-àbọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó jìnnà ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù. Ní prefork, síbẹ̀, òṣìṣẹ́ kan á máa wo ojú ìsopọ̀ tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀, ó jókòó de bóyá ẹni náà á tún tẹ nǹkan. Nínú Apache 2.0, ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni ìdúró náà, 2.2 dín in sí 5. Àwọn kan á kàn pa KeepAlive kí òṣìṣẹ́ lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n á sì fi bẹ́ẹ̀ gbé ẹrù náà lé orí ẹni tó wà ní Àpòmù. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n lọ sí event, ọ̀nà tuntun ti Apache, tàbí kí nginx wà níwájú, nítorí pé lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ìsopọ̀ tó dákẹ́ kì í di òṣìṣẹ́ lọ́wọ́.

Fífún fáìlì pọ̀ kó tó jáde rọrùn láti tàn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dára fún àpò ẹni tó ń ra dátà. Gzip lè sọ HTML, CSS àti JavaScript di ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin bí wọ́n ṣe tóbi tẹ́lẹ̀. Brotli ti Google sábà máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nínú nginx, gzip kì í ṣiṣẹ́ àfi bí wọ́n bá tàn án, bí wọ́n bá sì tàn án tán, HTML nìkan ni yóò máa fún pọ̀ títí wọn yóò fi dárúkọ irú fáìlì yòókù fún un. Púpọ̀ ló ń tàn án tí wọn kì í kọ ìlà kejì yìí. Àwòrán JPEG ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí èrè nínú fífún un lẹ́ẹ̀kejì. Cache-Control ní tirẹ̀ ń sọ fún fóònù pé kó fi fáìlì kan pamọ́ fún iye àkókò kan. Àmì ilé ẹ̀kọ́ tí kò yí padà láti ọdún mélòó kan kò yẹ kó máa ti òkè òkun wá sí Gbọ̀ngán lójoojúmọ́. Wọ́n lè fún un ní ọdún kan gbáko, bí orúkọ fáìlì náà bá ti ń yí padà nígbà tí ohun inú rẹ̀ bá yí. Ojú ewé tó gbé èsì tàbí gbèsè ẹnì kan, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ibi ìpamọ́ tí gbogbo ènìyàn ń pín lò fi í pamọ́ láé, kí èsì ọmọ kan má lọ yọjú lórí fóònù ọmọ ẹlòmíràn.

Ní ti PHP, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ fi ń ṣiṣẹ́, OPcache ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n wò. Ó wọ inú PHP láti 5.5 ní 2013. Láìsí i, PHP á máa ka kóòdù náà látòkè délẹ̀ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò rí i rí. pm.max_children ní PHP-FPM, ètò tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́ PHP, ń ṣe iṣẹ́ MaxRequestWorkers, ìṣirò mẹ́mọ́rì kan náà ló sì tọ́ sí i. 5 tó sábà máa ń bá a dé kéré jù fún ọ̀pọ̀ ìkànnì.

Àwọn òpin lórí fáìlì tó ń wọlé máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ní ọ̀nà tó ń dun àwọn ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi fóònù ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, fọ́tò náà á tó 4 MB. Nginx kì í gbà ju 1 MB lọ bó ṣe dé; PHP ń gba 2 MB fún fáìlì kan àti 8 MB fún fọ́ọ̀mù lódindi. Bí wọ́n bá gbé ti nginx dé 10 MB tí wọ́n gbàgbé ti PHP, fọ́tò náà á wọlé tán lórí 3G, dátà á ti lọ, PHP á wá kọ̀ ọ́. Bí fọ́ọ̀mù lódindi bá sì ju 8 MB lọ, PHP á da gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ nù, ojú ewé á sì padà wá bí ẹni pé kò kọ nǹkan kan. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ mọ ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àkókò. Nginx ń dúró de PHP fún 60 ìṣẹ́jú-àáyá kó tó fi àṣìṣe 504 hàn. PHP ní max_execution_time 30, ṣùgbọ́n lórí Linux kì í ka àsìkò tó fi ń dúró de dátábéèsì mọ́ ọn, nítorí náà iṣẹ́ tó há sí dátábéèsì lè kọjá 30 láìsí ohun tó dá a dúró. request_terminate_timeout ti PHP-FPM ló lè dá a dúró, kò sì ní ṣiṣẹ́ àfi bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà sí i. Nígbà tí ojú ewé bá ń yí tí kò dáhùn, ẹni tó ń sanwó á tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Fóònù ti gbàgbé ìbéèrè àkọ́kọ́, sáfà ṣì ń ṣe é lọ. Iṣẹ́ á di ìlọ́po mẹ́ta lórí ẹ̀rọ tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí àkókò tó wà nínú lọ́hùn-ún kúrú ju ti òde lọ, kí iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó ń dúró dè é mọ́ lè tètè kú.

Dátábéèsì ló wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. MySQL ń gba ìsopọ̀ 151 lẹ́ẹ̀kan náà bó ṣe dé, PostgreSQL ń gba 100. Bí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lókè bá ju èyí lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń di ìsopọ̀ tirẹ̀ mú, àwọn tó kù á rí àṣìṣe dípò ojú ewé. Èyí tó ń fa ìlọ́ra jù ni mẹ́mọ́rì tí dátábéèsì fi ń pa dátà mọ́ sí tòsí: 128 MB ló bá innodb_buffer_pool_size ti MySQL dé. Lórí ẹ̀rọ tó jẹ́ ti MySQL nìkan, wọ́n lè gbé e dé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́mọ́rì. Fún shared_buffers ti PostgreSQL, ìdá 25 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí dátà tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ bá wọ inú mẹ́mọ́rì yìí tán, dísìkì á sinmi. Ìbéèrè dátábéèsì tí wọ́n kọ láìsí ìtọ́ka, tó ń ka gbogbo orúkọ tó wà nínú tébù kó tó rí ẹyọ kan, kò sí ìṣètò tó lè gbà á là. Àkọsílẹ̀ ìbéèrè tó lọ́ra ni yóò fi í hàn, kí wọ́n sì dín òpin rẹ̀ kù láti ìṣẹ́jú-àáyá 10 tó bá MySQL dé sí ọ̀kan.

Ọ̀nà tó dára láti ṣe àwọn àtúnṣe wọ̀nyí ni kí wọ́n wọn sáfà ná, kí wọ́n yí ohun kan ṣoṣo padà, kí wọ́n sì tún un wọ̀n. Kì í ṣe ìpíndọ́gba ló yẹ kí wọ́n máa wò. Bí ìbéèrè 90 nínú 100 bá yá tí mẹ́wàá sì gba ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ìpíndọ́gba á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì pe gbogbo rẹ̀, kò sì ní sọ ohun tí ojú àwọn mẹ́wàá náà rí. Ẹni tó wà ní ipò 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Kí wọ́n mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ́ra wọ inú ìdánwò náà: búráúsà Chrome ní ibi tí wọ́n ti lè sọ fún un pé kó ṣe bí 3G, ṣùgbọ́n fóònù olówó pọ́ọ́kú kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní Gbọ̀ngán nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni yóò sọ òótọ́ jù.

Fáìlì ìṣètò yẹ kó wà nínú Git, ètò tó ń pa ìtàn àtúnṣe mọ́, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi yí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan padà, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn ọ̀la lè mọ ohun tó wà nílẹ̀. Kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nginx -t tàbí apachectl configtest á ka fáìlì náà, á sì sọ bí àmì kan bá sonù. Lẹ́yìn èyí, reload ni kí wọ́n lò dípò restart: àwọn òṣìṣẹ́ tuntun á gba ìṣètò tuntun, àwọn ti tẹ́lẹ̀ á parí ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó lọ, ẹni tó sì ń gba fáìlì lọ́wọ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ́ra á gbà á tán láìmọ̀ pé nǹkan kan yí padà.